Ẹ̀jẹ̀ Tó Kú sí Màmá Lápá

Télọ̀ ni àkọ́bí Màmá, kò sì sẹ́ni tó kórìíra láyé tó ìyàwó àbúrò rẹ̀. Ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Ìyàwó ló ń tọ́jú Màmá, tí iyè rẹ̀ ti ra débi pé kò dá ọmọ bíbí inú rẹ̀ mọ̀ mọ́.

Nígbà tí télọ̀ rí i pé ẹ̀jẹ̀ kú sí Màmá lápá, kò ṣèwádìí. Ó ní ìyàwó ń lù ú. Ó sọ fún ẹbí, ó sọ fún àwọn tó wá gba aṣọ. Ìyàwó ní òun ò fọwọ́ kàn án, pé irin bẹ́ẹ̀dì ni. Àbúrò ò mọ èyí tí ì bá gbè, ló bá sọ ibi iṣẹ́ di ilé.

"Bí o bá tún lù ú," ni télọ̀ wí, "wàá kó jáde."

"Ẹ máa tọ́jú wọn fúnra yín, ẹ̀gbọ́n," ni ìyàwó fèsì, ó sì wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Télọ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ó ń rán aṣọ lọ́wọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí Màmá ta jí, tó ń pariwo olè, tó ń ju apá. Kí télọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, apá ti gbá irin léraléra. Ó dì í mú. Màmá fọ́ ọ létí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti kú síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Inú bí i sí apá náà. Kò sẹ́ni tó rí i. Bó bá panu mọ́, òun náà ló ṣì jàre. Ṣùgbọ́n ó pe àbúrò, ó sì pe ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Àǹtí wọn ò gbà, ó ní ṣé ìyàwó ti wá bẹ̀ ẹ́ ni. Télọ̀ ní ojú òun ló ṣe.

Ó kan ilẹ̀kùn ìyàwó. Ìyàwó ò ní kó jókòó.

"Mo fẹ̀sùn ohun tí o ò mọwọ́ mẹsẹ̀ kàn ọ́. Má bínú."

"Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ ọ́ fún yín," ni ìyàwó wí. "Ẹ ò gbà mí gbọ́. Irin lẹ gbà gbọ́."

Télọ̀ ò tíì fẹ́ràn ìyàwó náà síbẹ̀. Bó ṣe ń wo òun látòkè délẹ̀ gan-an ń bí i nínú. Ó padà sọ́dọ̀ Màmá, ó kó fóòmù wá, ó ń fi okùn so ó mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Ìdè yẹn ò le," ló wí.

Télọ̀ pòṣé, ó tú u, ó sì tún un so.