Ìhà Kẹsàn-án Ọkọ̀ Ogun

Lọ́jọ́ tí Tryphena Stuckless kọ́kọ́ rí i pé ọkọ̀ ogun náà wú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n fi ń yẹ ara ọkọ̀ wò lé àwọn ìhà igi náà, àwọn igi títẹ̀ tó gbé ara ọkọ̀ ró bí egungun ìhà, láti àárín lọ sẹ́yìn. Láti ìhà kìíní dé ìkẹjọ, pákó náà sùn jẹ́ẹ́ bí ológbò lẹ́bàá iná. Nígbà tó kan ìkẹsàn-án, ó yọ ikùn síta. Ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé e. Ibì kan náà ni.

Ká ní ọkọ̀ ìpẹja ni, ọ̀rọ̀ kì bá tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun àkọ́kọ́ tí erékùṣù Newfoundland máa fọwọ́ ara rẹ̀ kàn nìyí. Lọ́ńdọ̀nù ti ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé àwọn á máa fi ọkọ̀ tiwọn ṣọ́ etíkun wọn. Ilé ìgbìmọ̀ ní St. John's, olú-ìlú wọn, bá jiyàn títí, wọ́n dìbò, ohùn méjì péré ni wọ́n sì fi borí pé ilẹ̀ tó bá ń dá ara rẹ̀ ṣàkóso, kó ní ọkọ̀ ogun tirẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà wá sí abúlé Candle Cove, fún bàbá Tryphena, Azariah Stuckless. Bàbá náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n láti ọgbọ̀n ọdún, kò sí ọkọ̀ kan tó kàn tí kò padà wálé.

Mínísítà kan láti St. John's ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá rí ikùn yìí, ohùn méjì yẹn lè yí padà kí yìnyín tó tán lórí omi, orúkọ bàbá rẹ̀ á sì bá a lọ.

Ọkàn Tryphena lọ tààrà sọ́dọ̀ Lionel Thackray.

Gẹ̀ẹ́sì ni Thackray, ó sì wọ̀ sílé wọn láti ìgbà òtútù. Ìjọba St. John's ló ní àwọn gbà á kó máa kọ ìwọ̀n gbogbo igi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ ìyẹn fún ará Candle Cove kí wọ́n rẹ́rìn-ín; amí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kà á sí. Ọkùnrin tó ń mu tíì láìfi oyin ìrèké sí i, tó ń rìn yíká ọkọ̀ pẹ̀lú ìwé pupa lábẹ́ abíyá, tí kì í sọ ohun tó rí! Nígbà míì Tryphena á máa wò ó láti ojú fèrèsé, á máa ronú irú ayé tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn, bóyá ẹnì kan ń retí lẹ́tà rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, kò ro ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, Garland Piercey, olórí àwọn káfíńtà, ti rí ikùn náà fúnra rẹ̀.

"Mo wí àbí n ò wí?" ó pariwo. "Ta ló ń yí ọkọ̀ yìí po bí olè tó ń ka àgùntàn olóko? Ó ti sún àmì orí pátákó àwòṣe tí a fi ń gé ìhà!"

"Rọra, Garland," ni Tryphena wí. "Ó ń bọ̀."

"Kó máa bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Thackray! Wọ́n ní ẹja tútù yín ní Lọ́ńdọ̀nù a máa rùn. Ṣé òótọ́ ni?"

Thackray dúró. "Èmi kì í ṣe ará Lọ́ńdọ̀nù."

"Ẹ gbọ́! A bi í léèrè ẹja, ó ń sẹ́ ìlú."

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn kò bá a rẹ́rìn-ín. Thackray wo ìhà kẹsàn-án, ó wo Tryphena, ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì pa á dé. Ìyẹn gan-an ló dun Tryphena jù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ló ń pa ẹnu dé sí?

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Thackray lọ sí etí omi, Tryphena wọ yàrá rẹ̀, ó ṣí ìwé pupa náà. Ó ń retí lẹ́tà sí Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ńbà nìkan ló bá, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé, ìhà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gé e. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹsàn-án, ó kọ ọ́ kékeré pé: *Láti ibí lọ, ìwọ̀n yí padà. Àwòṣe kò yí. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì?*

Tryphena jókòó sórí ibùsùn ọkùnrin náà.

Ní oṣù kejì, àáké bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó gé orí àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ lọ. Tryphena fúnra rẹ̀ ló di ọgbẹ́ náà. Pátákó àwòṣe ló ń fún igi ní ìrísí, ṣùgbọ́n bí ìhà kọ̀ọ̀kan ṣe máa tẹ̀ wọlé ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, àtàǹpàkò ni Azariah fi ń wọ̀n ọ́n, láti oríkèé dé orí, bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Gbogbo Candle Cove ló ń kàn án bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pé àtàǹpàkò lè kúrú, kí ìhà má sì tẹ̀ wọlé tó.

Ó bá bàbá rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí, níbi tó ti ń pọ́n irin.

"Pápá, ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín méjèèjì."

"Ọwọ́ mi ti jinná."

"Ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn."

Kò gbé wọn. Ó yé Tryphena pé bàbá náà ti mọ̀, bóyá láti àná, bóyá kó tó di àná.

"Ta ló rán ọ?" ó bi í. "Gẹ̀ẹ́sì yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Garland ní ọkùnrin náà ló sún àmì. Jẹ́ kó rí bí Garland ṣe wí. Gẹ̀ẹ́sì náà máa wọkọ̀ lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbí. Èmi, ibí ni wọ́n máa sin mí sí."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mínísítà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì. Garland kò jẹ́ kó mí. Ó gbé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lé ìhà, ó fi ikùn hàn án, ó nawọ́ sí Thackray. Mínísítà ní kí Thackray fèsì. Thackray wo Azariah, ó ní, "Ọ̀gá Stuckless ló yẹ kó sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ rẹ̀." Azariah ń wo òkun. Ọlọ́pàá kan di Thackray ní apá.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Tryphena wí. Ohùn rẹ̀ kéré, ó tún un wí. "Àtàǹpàkò Pápá ni. Ó gé e ní oṣù kejì. Ìhà mẹ́jọ ló fi odindi rẹ̀ wọ̀n, èyí tó kù lára rẹ̀ ló fi wọn ìhà ìyókù."

Ó wá fi kún un wéréwéré, nítorí ojú bàbá rẹ̀ kò ṣeé wò, "Ó pọ̀ ni, kò dín. Igi tó bá pọ̀, a lè gbẹ́ ẹ."

Mínísítà yíjú sí Azariah. Bàbá náà yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú àpò, ó sì gbé àtàǹpàkò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú gbogbo ènìyàn. Mínísítà fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì láti tún un ṣe.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò fura sí Thackray tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Tryphena ni wọ́n ń fura sí. Bó bá wọ ilé ìtajà, ọ̀rọ̀ á dá. Ó gbọ́ tí obìnrin kan ní, "Ọmọ tó ta bàbá rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, kí ni kò ní tà?" Azariah kò bá a sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń jẹ ẹja àti búrẹ́dì líle tí Tryphena ń rẹ sómi kó tó sè é fún un.

Lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n ń gbẹ́ igi, wọ́n dé ìhà kẹtàlá. Thackray ka iye tí wọ́n máa gbẹ́ kúrò láti inú ìwé pupa. Azariah gbé àáké sókè, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Wo nọ́ńbà yẹn," ó wí fún Tryphena lẹ́yìn rẹ̀, láìyíjú. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. "Ṣé ohun tó wà níbẹ̀ ló kà?"

Garland wo ilẹ̀. Thackray na ìwé sí Tryphena láìbínú, ọmọbìnrin náà sì kà á, lẹ́ẹ̀mejì.

"Òun ni, Pápá."

Àáké sọ̀ kalẹ̀.