Rìmóòtù Tó Ń Jẹ́ Gbogbo Ìpè

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Bí ẹ ṣe ń lọ tí ẹ ń bọ̀ lẹ́nu yàrá ìgbẹ̀bí yìí, ọkàn tèmi náà ò balẹ̀. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín pé mo pẹ́ kí n tó gbé Ìbíyẹmí ọmọ yín dé ọsibítù. Àlá ló fà á. Àlá tó gbé mi lóru àná, ẹni tó gbọ́ ọ á ní mo mu nǹkan.

Ẹ mọ ọkọ̀ mi yẹn, kò ní kọ́kọ́rọ́ tí à ń kì bọ ihò. Rìmóòtù kékeré kan ni. Tó bá ti wà lápò ẹni, ọkọ̀ á mọ̀ ọ́n, á ṣí. Nínú àlá, rìmóòtù yìí jókòó sójú fèrèsé, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó sì ń pariwo: "Èmi rèé! Èmi rèé o!"

Mo ní, "Ta ló ń pè ọ́?"

Ó ní, "N ò rí i. Ṣùgbọ́n ó pè mí dáadáa."

Háà! Ìyá mi fa etí mi títí lọ́mọdé kí n má baà máa jẹ́ ìpè ẹni tí n ò rí. Ṣé rìmóòtù yìí ò ní ìyá ni?

Mo yọjú. Ọkùnrin kan dúró sábẹ́ fèrèsé, etí ẹ̀ kan fẹ̀ tó atẹ ẹlẹ́pà. Ó ń fi etí náà gba ohùn rìmóòtù mi, ó ń rọ ọ́ sínú ọ̀rá. Ó gbé ọ̀rá dé ìdí ọkọ̀, ó tú u. Ọkọ̀ gbọ́ "Èmi rèé o," ó ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Olè ní, "A dúpẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ kú ilé." Ó wa ọkọ̀ lọ.

Màmá, ẹ má wò mí báyẹn. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣebí à á kí i ni.

Ẹ̀yìn ìgbà tó lọ tán ni mo rántí pé oṣù Ìbíyẹmí ti pé, pé ọkọ̀ yẹn ló máa gbé e lọ bímọ. Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń wá ọkọ̀ tó sọnù. Ọ́fíìsì náà léfòó sórí odò, ó ń lọ, mò ń wẹ̀ tẹ̀lé e. Ọ̀gá ibẹ̀ nawọ́ fà mí gba ojú fèrèsé wọlé. Kí n tó kí i tán, ìwo ti yọ lórí ẹ̀, ó ti di òbúkọ, ó ń jẹ táì ọrùn ara ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ wá jẹun."

Mo ní, "Á gba ibi ire o, sà. Ọkọ̀ mi ńkọ́?"

Ó ní, "Rìmóòtù yín ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ẹ lọ fi í sínú agolo irin, kí ẹ dé e pa. Olè á pè é, á rẹ olè."

Mo délé, ọkọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. N ò béèrè ibi tó lọ. Mo gbé agolo bisikíìtì ìyàwó mi. Ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ pé bisikíìtì kì í sí nínú agolo bisikíìtì, abẹ́rẹ́ àti òwú ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn abẹ́rẹ́ ní, "Ààyè ò sí o!" Mo ní kí wọ́n sún. Mo ju rìmóòtù sí i, mo dé e. Ìgbà tí mo máa yíjú, èmi náà ti wà nínú agolo.

Òkùnkùn biribiri. Mo wá ìdérí lókè, mo wá a nísàlẹ̀, òwú ń lọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan ń pè níta: "Ọkọ mi! Ọkọ mi o!" Ohùn Ìbíyẹmí ni, ṣùgbọ́n n ò rí i. Mo fẹ́ dáhùn, gbogbo abẹ́rẹ́ ní, "Dákẹ́! Ṣé o rí ẹni tó ń pè ọ́ ni?" Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ó tún pè mí, ó ń sunkún. Ó dùn mí wọra, Màmá, síbẹ̀ n ò dáhùn.

Àfi gbàà! Ìrọ̀rí ló bà mí lójú. Ilẹ̀ ti mọ́. Ìbíyẹmí dúró lórí mi, ó fọwọ́ di ìbàdí mú: "Mo pè yín títí, ẹ ò dáhùn! Ó ti mú mi o!"

Lálẹ́ àná lóòótọ́, mo ti fi rìmóòtù sínú agolo yẹn, torí àwọn olè fi ẹ̀rọ gba ohùn rìmóòtù aládùúgbò wa láti ìta, wọ́n sì fi jí ọkọ̀ ẹ̀. Mo gbé agolo, a sáré jáde. Mo fa ilẹ̀kùn ọkọ̀, kò ṣí. Mo na agolo sí i, mo bẹ̀ ẹ́, mo pe ọkọ̀ ní ẹ̀gbọ́n. Ọmọ yín di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Ẹ ṣí ìdérí, ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Báwo ló ṣe máa gbọ́ nínú irin?"

Mo ṣí i. Ọkọ̀ ní "pìì". Ìbíyẹmí bú sẹ́rìn-ín, ìrora tún gbá a mú, abẹ́rẹ́ sì gún mi lọ́wọ́. Ohun tó jẹ́ ká pẹ́ nìyẹn. Agolo náà rèé lórí itan mi, n ò tíì dé e padà.

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́. Ohùn ta nìyẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn?

"Bàbá ọmọ tuntun dà?"

Màmá, n ò rí ẹni tó ń pè o.

"Èmi rèé! Èmi rèé o!"