Bí Bridget Ṣe Yí Okùn Gìtá Rẹ̀

Ní Sátidé tí ó ṣáájú ìdúpẹ́ ọdún kan tí Bridget ìyàwó rẹ̀ papò dà, Oyèníran wà ní ilé ìdáná, nínú ilé wọn ní Lawrenceville lókè òkun, ó ń po tíì fún àlejò, nígbà tí ó gbọ́ tí gìtá Bridget dún ní pálọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ṣíbí. Ohùn tí ó gbọ́ kì í ṣe ohùn tí ó mọ̀.

Túnmiṣe ló gbé gìtá náà lé itan. Òun ló ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Níbi iṣẹ́ ẹrù bàálù ní College Park ni ó ti ń bọ̀, ó ní kí òun yà wá wo bí àwọn yóò ṣe so máíìkì mọ́ gìtá náà lọ́la.

“Daddy, ẹ wá gbọ́ ọ báyìí,” ni ó wí, inú rẹ̀ ń dùn. “Okùn mẹ́rin ló ti rọ̀ dànù. Mo ti tune gbogbo ẹ̀ fún yín. Ó ti padà di gìtá.”

Oyèníran gbé tíì kalẹ̀, ó jókòó pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ ọwọ́.

“Túnmiṣe, kò rọ̀ o. Bẹ́ẹ̀ ni màmá yín ṣe fi í sílẹ̀.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Túnmiṣe.

Ọ̀dọ̀ àwọn Sísítà, ní ilé ìwé míṣọ́n, ni Bridget ti kọ́ gìtá láti kékeré, bí gbogbo ayé sì ṣe ń yí okùn tiwọn ni òun náà ń yí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́rin kí ó tó kú, àrùn rọpárọsẹ̀ bá apá òsì rẹ̀ jà. Apá náà padà bọ̀ sípò. Àwọn ìka kò bá a bọ̀ tán. Ìka ìfábẹ̀lá nìkan ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn náà ni ó gbé gìtá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn kan, á gbọ́ ọ, á tún dẹ òmíràn, títí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi ń dún ní ìrẹ́pọ̀ láìjẹ́ pé ìka kankan tẹ̀ wọ́n.

“Bí ìka ò bá lè tọ okùn lọ,” ni ó wí fún ọkọ rẹ̀, “okùn á tọ ìka wá.”

Bí ó bá wá tẹ́ ìka kan ṣoṣo náà sórí gbogbo okùn ní ìlà irin karùn-ún lọ́rùn gìtá, kọ́ọ̀dù kejì, ìyẹn àpapọ̀ ohùn mìíràn, dé. Bí ó bá sún un dé ìlà keje, ẹ̀kẹta dé. Orin ìdúpẹ́ wo ni kọ́ọ̀dù mẹ́ta kò lè gbé?

Láti ìgbà tí ó ti lọ, Oyèníran, tí kò ta gìtá rí láyé rẹ̀, ti fi ìka kan kọ́ orin kan ṣoṣo, èyí tí Bridget fúnra rẹ̀ ṣe. Òun ló fẹ́ ta níwájú ìjọ lọ́la. Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, títí kan òun fúnra rẹ̀, fọwọ́ kan àwọn kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń yí okùn náà, nítorí ọwọ́ Bridget ló kàn wọ́n kẹ́yìn.

Túnmiṣe ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

“Jókòó, wàá da tíì nù,” ni Oyèníran wí.

“Ẹ forí jì mí, sà. Orí ohùn wo ni wọ́n fi okùn kọ̀ọ̀kan sí? Ẹ sọ ọ́ fún mi, mo lè dá a padà.”

“N kò bi í rí.”

Ó pe Hephzibah, ọmọ wọn tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bóyá ìyá rẹ̀ kọ ọ́ síbì kan. Ẹnu iṣẹ́ ni ọmọ náà wà.

“Mummy ò kọ ǹkankan sílẹ̀, Daddy. Ẹ̀yin lẹ máa ń bá wọn tune ẹ̀ now. Every Saturday. Wọ́n á máa pariwo ní parlour, ẹ̀yin ẹ máa kọrin ní kitchen.”

Oyèníran rọra gbé fóònù sílẹ̀.

Ní ilé ìwé míṣọ́n tirẹ̀, kí ọmọ akọrin tó fẹnu kan ọ̀rọ̀ orin, ó ní láti kọ́kọ́ kọ ọ́ ní do, re, mi. Ohun tí ó wọ Oyèníran létí láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò jáde mọ́, Bridget sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti ń dín dòdò ní àárọ̀ Sátidé ni yóò gbọ́ igbe láti pálọ̀: “Bàbá Hephzibah, ẹ ju so kan sí mi.” Òun á kọ ọ́ ránṣẹ́. Bridget á ké padà: “Eléyìí ti sanra jù. Ẹ gbé dòdò ẹnu yín mì ná.”

Ó dìde. “Ta okùn méjì tí o ò fi bẹ́ẹ̀ yí fún mi. Mò ń lọ sí ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń kọ ọ́.”

Ó dúró, ó kọjú sí sítóòfù, ó dijú. Túnmiṣe ta okùn kẹrin. Do ni. Ó ta èyí tí ohùn rẹ̀ tẹ̀ lé e nísàlẹ̀. So ni. Oyèníran bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó nípọn jù lọ, ó ń kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, do, so, do, Túnmiṣe sì ń dẹ okùn tẹ̀ lé e. Nígbà tí mi kàn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀.

“Daddy, eléyìí sanra díẹ̀ o.”

Oyèníran bú sẹ́rìn-ín níwájú sítóòfù, omijé sì ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ó tún un kọ. Ó kọ so, ó kọ do òkè. Túnmiṣe wá gbá okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohùn Sátidé ni. Nígbà náà ni Oyèníran gbà fún ara rẹ̀ pé ohùn tí òun ń ṣọ́ láti ọdún kan ti ń ṣá díẹ̀díẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Ooru àti òtútù ti dẹ àwọn okùn náà, ó mọ̀, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí ó tún wọn ṣe.

Ní pálọ̀, Túnmiṣe ti ń wo ọrùn gìtá bí ẹni tí wọ́n fún ní ilé tuntun. Ó tẹ ìlà karùn-ún, ó tẹ ìlà keje. Ó wá fi ìka méjì gbé so méjèèjì lọ sí la, ó fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ohùn kan jáde tí ó ṣú díẹ̀, bí ìrọ̀lẹ́ tí òjò ti dá.

“Ṣé màmá máa ń ta eléyìí?”

“Ìka kan ló ní.”

“Ó wà níbẹ̀ ṣá, sà. Ìka méjì péré ló ń béèrè.”

“Tún un ta, kí o sì fi hàn mí,” ni Oyèníran wí. Nígbà tí ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Túnmiṣe, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí o ò bá fọwọ́ kàn án, ǹ bá jókòó ti okùn tó ń rọ̀ títí n óò fi kú.”

Lọ́jọ́ kejì, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ooru ọkọ̀ àti òtútù ẹ̀rọ amúlétutù ti tún da okùn rú. Oyèníran gbá a lẹ́ẹ̀kan níwájú ìjọ, àwọn okùn kò fohùn ṣọ̀kan. Hephzibah ti ń dìde bọ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ mi orí sí i. Ó yí okùn tó nípọn jù lọ, ó kọ do, ó ta èyí tó tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ kò sì jìnnà sí so. Kí ó tó la ẹnu kọ èyí tó kàn, àwọn ìyá àgbà tí wọ́n jókòó sí ibi akọrin, tí àwọn náà gba ilé ìwé míṣọ́n kọjá, ti kọ so fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ju ohùn sí i, tí ó ń mú un, títí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi pé.

Ó tẹ́ ìka kan lé ọrùn gìtá, ó ta orin ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, ó fi ìka kejì kún un, ó yà sí ohùn tí Túnmiṣe rí lánàá, ibi tí Bridget kò dé yẹn, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ká gbogbo ìka rẹ̀ kúrò, ó gbá àwọn okùn náà, ó sì jẹ́ kí wọ́n dún títí wọ́n fi dákẹ́ fúnra wọn.