Ìwọ̀n Díákónì Akínlabí

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìjà Ìyádùnní ní Ìlá, kó sọ̀rọ̀ àbùkù sí ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ẹ lè pè é ní alágídí, kò ní dá yín lóhùn. Ẹ lè sọ pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò níyọ̀, á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Díákónì Akínlabí? Háà, ẹ má dán an wò. Ọdún mẹ́rin ni ọkùnrin náà ti wà nínú sàréè, ìyàwó rẹ̀ ṣì ń nu fọ́tò rẹ̀ láràárọ̀ kó tó bọ́jú ara rẹ̀.

Oníṣòwò kòkó ni Díákónì nígbà ayé rẹ̀. Ó ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ láti Ìlá títí dé Ìrèsì, á sì kó o lọ sí Ìbàdàn. Ìwọ̀n tó fi ń ra kòkó náà ṣì wà níbi tó fi í sí, lórí igi àjà nínú yàrá ẹ̀yìn: ìwọ̀n onírin tó lójú bíi ti aago, tó ní ìkọ́ nísàlẹ̀ tí wọ́n ń so àpò kọ́. Ìyádùnní kì í jẹ́ kí alántakùn ta òwú sí i lára.

Nígbà tí físà Kánádà ọmọ wọn, Oyèṣọlá, jáde, ẹrù dídì di iṣẹ́ gbogbo ilé. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí nìyẹn, kì í sì í ṣe àbẹ̀wò ló ń lọ ṣe o, ó ń kó lọ ni. Àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú ní báàgì méjì péré ni kó gbé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má lé ní kílò mẹ́tàlélógún.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ n ra ìwọ̀n kékeré kan lọ́jà," ni Ṣọlá wí. "Kò wọ́n."

Ìyádùnní wò ó látòkè délẹ̀. "Ta ló ń ra epo wọ ilé elépo? Ìwọ̀n tó tọ́ ẹ dàgbà ń bẹ lórí àjà, ìwọ ń wá èyí tí wọ́n fi ike ṣe. Bàbá ẹ gbọ́ ọ níbi tó wà."

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Joseph ni wọ́n pè pé kó wá bá wọn gbé ẹrù kọ́. Joseph yìí ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi bá Díákónì ṣiṣẹ́ tó ń so àpò kọ́ ìwọ̀n, kó tó ra ọkọ̀ tó fi ń kérò báyìí. Òun náà ló máa gbé wọn lọ sí Èkó. Bó ṣe ń bọ̀ láti Ìrèsì lọ́jọ́ náà, Bàbá Fádípẹ̀, àgbẹ̀ kan tó máa ń ta kòkó fún Díákónì, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, fi ike èlùbọ́ ńlá kan rán an sí ọmọ arìnrìn-àjò. Àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin ti kó ẹ̀gúsí wá. Gààrí wà níbẹ̀, irú gbígbẹ wà níbẹ̀, ẹja kíká, ìkòkò irin kan, àti aṣọ òfì mẹ́ta tí Ìyádùnní ti ń pa mọ́ láti ìgbà tí Ṣọlá wà ní kékeré.

Joseph gbé báàgì àkọ́kọ́ kọ́. Ọwọ́ ìwọ̀n sáré, ó mì díẹ̀, ó dúró sórí mẹ́tàlélógún gééré. Ìyádùnní pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Joseph kò sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń wò ó ṣáá.

"Màmá, ṣé ẹ ò ní jẹ́ ká yọ díẹ̀ níbẹ̀?"

"Ká yọ kí ni? Ṣé o ò ríran ni?"

"Mo rí i, mà. Mo kàn ní àwọn ará pápákọ̀ òfurufú…"

"Joseph, ṣé ìwọ̀n Díákónì ló ń purọ́ ni?"

Ọkùnrin náà wo Ṣọlá tó jókòó lórí ibùsùn tó ń ká sókòtò, ó wo ìyá, ó wo ilẹ̀. "Rárá o, mà," ló wí, ó sì gbé báàgì kejì kọ́. Mẹ́tàlélógún lòun náà.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n kúrò ní Ìlá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Ní pápákọ̀ òfurufú l'Ékòó, lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ oríṣiríṣi, wọ́n jẹ́ kí ìyá àti Joseph bá Ṣọlá wọlé. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba ẹrù mọ èèyàn kí, orúkọ tí wọ́n kọ sí i láyà ni Kẹ́misọ́lá. Joseph gbé báàgì àkọ́kọ́ sórí ìwọ̀n tiwọn, nọ́ńbà pupa sì tàn: méjìdínlọ́gbọ̀n. Wọ́n gbé èkejì síbẹ̀: méjìdínlọ́gbọ̀n.

"Mà, wọ́n fi kílò márùn-ún márùn-ún lé," ni Kẹ́misọ́lá wí. "Ọgọ́rùn-ún dọ́là lẹ máa san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ yọ nínú ẹ̀."

"Ọmọ mi, ẹ tún ìwọ̀n yín ṣe," ni Ìyádùnní dá a lóhùn.

"Ìwọ̀n wa ò bàjẹ́, mà."

"Ó bàjẹ́. Kí ló ṣe é tí kò ní bàjẹ́? Ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ mi fi wọn kòkó, kò sí ẹni tó yọ ọ́ nípò díákónì. Ìwọ̀n rẹ̀ la fi wọn ẹrù yìí. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba dọ́là lọ́wọ́ ọmọ aláìníbaba!"

Ohùn rẹ̀ ti ròkè. Àwọn tó tò sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Ṣọlá di ìyá rẹ̀ lápá, ojú ń tì í. Owó tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà kò ju èyí tó máa fi gba yàrá lóṣù àkọ́kọ́ lọ, bó bá sì bu igba dọ́là níbẹ̀, kò mọ ibi tó máa sùn. Kẹ́misọ́lá kò bínú. Ó ní kí wọ́n gbé báàgì náà lọ sórí ìwọ̀n tábìlì kejì. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìyádùnní ní wọ́n jọ ń ṣe é ni. Ó ní kí Joseph gbé e jáde lọ bá ọkùnrin tó ń fi ọ̀rá wé báàgì fún èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, tó ní ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́wọ́, tí kò sì bá àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú pín nǹkan kan.

Méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ìwọ̀n mẹ́ta, ẹnu kan. Ìyá yìí dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí báàgì. Ìgbà tó gbójú sókè, Joseph ló wò, Joseph sì ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó ní kí Ṣọlá máa tú ẹrù sílẹ̀, ó fa Joseph lọ sẹ́yìn òpó kan.

"Joseph, o mọ̀."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Nígbà tí à ń wọ̀n ọ́n nílé, o mọ̀."

Omi lé ròrò lójú Joseph. "Báwo ni n ó ṣe là á lójú ọmọ, mà? Ọ̀gá mi ni, mo jẹ nínú iyọ̀ rẹ̀. Òkú ò lè wí tẹnu rẹ̀. Mo ní bí mo bá ti ní ká yọ díẹ̀, ẹ ó yọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ ìdí. Ẹ sì bi mí pé ṣé ìwọ̀n Díákónì ló ń purọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n wí?"

"Láti ìgbà wo?"

"Bí mo ṣe bá a nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tú u, tó ń tún irin inú rẹ̀ fà kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníkòkó ló ń ṣe é nígbà yẹn, mà, kì í ṣe òun nìkan."

Ìyádùnní fara ti òpó. Ọ̀pọ̀ oníkòkó, ó dáa. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló ń gbé igbá ọrẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi? Ó ń rò ó lọ nínú ara rẹ̀: nínú kílò méjìdínlọ́gbọ̀n, márùn-ún ti lọ. Àpò dé àpò, ọdún dé ọdún. Bàtà tí Ṣọlá wọ lọ síléèwé, bíríkì ilé, aṣọ òfì tó wà nínú báàgì yẹn gan-an. Ojú tì í débi pé ara rẹ̀ gbóná, àfi bíi pé gbogbo èèyàn inú ilé ńlá náà ló ń gbọ́ ohun tó ń rò.

Lẹ́yìn náà ni Fádípẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn ni. Ọjọ́ ọjà ni, àwọn àgbẹ̀ kún iwájú ilé Díákónì tó kọjú sí ojú ọjà. Fádípẹ̀ gbé àpò kòkó kan wá tó ti kọ́kọ́ wọ̀n l'Óṣogbo, níbi tó ti jẹ́ kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Lórí ìwọ̀n Díákónì, ó di méjìléláàdọ́ta. Ọkùnrin náà ní, lójú gbogbo ayé, "Díákónì, ìwọ̀n yín yìí ń jẹ kòkó." Díákónì kò fèsì. Ìyádùnní ló bọ́ síta láti ilé ìdáná. Ó pè é lólè. Ó ní ó ti bù nínú rẹ̀ tà lójú ọ̀nà láti fi mu ẹmu, ó wá fẹ́ di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọkọ òun. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Akápò ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ni Fádípẹ̀ nígbà yẹn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti gba àpótí owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló máa fi owó sọ́wọ́ ẹni tí wọ́n pè lólè lójú ọjà? Ṣé ẹ rí i pé ẹnu obìnrin yìí ti ṣiṣẹ́ ju ìwọ̀n lọ.

Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ Ṣọlá, ọmọ náà ti gbé ike èlùbọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mọ́mì, èyí ló wúwo jù. Tí a bá yọ ọ́, tí a yọ ẹ̀gúsí…"

"Dá a padà."

"Mọ́mì, kílò márùn-ún ni o."

"Mo ní kí o dá a padà. Aṣọ òfì ni kí o yọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yọ ìkòkò yẹn. Yọ ohun gbogbo tó jẹ́ pé èmi ni mo fún ọ. Ohun tí Bàbá Fádípẹ̀ fi ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín."

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pápákọ̀ òfurufú, tí àwọn èèyàn ń ré wọn kọjá. Nígbà tí ẹrù wọlé tán, Ṣọlá dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó sì bi í léèrè pẹ̀lẹ́ pé kí ló ṣe ìwọ̀n Dádì.

Ìyádùnní wo ojú ọmọ náà. Ojú bàbá rẹ̀ ni. "Ó ti gbó," ló wí. "Irin ni. Irin máa ń gbó."

"Ó ti ṣiṣẹ́ tó, Mọ́mì," ni Ṣọlá wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì lọ.

Ìbàdàn ni wọ́n sùn mọ́jú. Nígbà tí ọkọ̀ kọjá Òṣogbo nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ìyádùnní ní kí Joseph má gba Ìlá tààrà, kó yà sí Ìrèsì. Joseph yà síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n bá Bàbá Fádípẹ̀, ó ń ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò lórí kòkó tó bò mọ́lẹ̀.

"Ìyá Ṣọlá! Ṣé ọmọ ti lọ?"

"Ó ti lọ, Bàbá."

"Ṣé wọ́n jẹ́ kó gbé èlùbọ́ náà?"

"Ó gbé e, Bàbá." Ó sì kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ lọ sí Èkó. Kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní ìwọ̀n ọkọ òun purọ́, òun sì ti pe olóòótọ́ lólè, kí Bàbá dárí jin òun.

Bàbá Fádípẹ̀ rọra jókòó sórí àpótí.

"Ti Akínlabí, mo mọ̀. Kì í lè wò mí lójú tó bá ń wọ̀n ọ́n. Tìẹ ni n kò mọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń bi ara mi pé, ṣé obìnrin yìí mọ̀ ni, tó fi pè mí lólè, àbí kò mọ̀?"

"N kò mọ̀, Bàbá. Ọlọ́run gbọ́, n kò mọ̀."

"Ó dáa. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣé o bi ọkọ ẹ léèrè?"

Ìyádùnní rántí pé Díákónì kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó kọjú sí ògiri, ó ní inú ń run òun. Ó rántí pé òun dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú àwo oúnjẹ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n òun, òun sì gbé àwo padà sí ilé ìdáná. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"N kò bi í, Bàbá."

Bàbá mi orí. Kò bú u. "Èmi ti dárí jì ọ́, ọmọ ẹ ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fún un ní èlùbọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọjà lo ti pè mí lólè. Àwọn tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà kò sí níhìn-ín. Àwọn kan nínú wọn ṣì ń bẹ láyé."

Ó yé e. Ohun tí àgbà kò sọ tán, ọmọ tó gbọ́n á parí rẹ̀. "Ọ̀túnla ni ọjà, Bàbá," ló wí. "N ó sọ ọ́ níbẹ̀."

Joseph ló fà á dìde. Nínú ọkọ̀, Ìyádùnní nu iyẹ̀pẹ̀ eékún rẹ̀, ó sì yọ fóònù jáde. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ lójú ọjà Ìlá kì í pẹ́ dé Kánádà. Fóònù dún títí kí Ṣọlá tó gbé e, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ó ní ẹrù òun méjèèjì dé láìfọ́.

"Ọpẹ́ ni," ni Ìyádùnní wí. "Ṣọlá, wá ibi kan jókòó. Mo purọ́ fún ọ lánàá."