Àwọ̀ Bó Ṣe Rí Gan-an

“Bàbá, ẹ mú eléyìí, ó ń dán gbinrin!” Ọmọge tó ń ta kọ̀ǹpútà na ọwọ́ sí sikirínì ńlá kan.

Bàbá náà, tó jẹ́ onífọ́tò, mi orí. “Dídán kọ́ ni mò ń wá, ọmọ mi. Tilé ti darúgbó, àwọ̀ búlúù ló ń da bo gbogbo nǹkan. Èyí tó máa fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́.”

“Ẹ ní fọ́tò tá a lè fi dán an wò?”

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó sìn ín wá, yọ fíláàṣì tí wọ́n ń kó fọ́tò sí nínú báàgì. Fọ́tò ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ kọ́ sí pálọ̀. Onífọ́tò fúnra rẹ̀ ló yà á, ní oṣù méjì ṣáájú kí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tó mú ìyàwó rẹ̀ lọ.

Ọmọge náà gbé e sórí sikirínì mẹ́ta. Lórí àkọ́kọ́, obìnrin náà pupa bí epo. Lórí ìkejì, ó funfun bí ẹfun. Lórí ìkẹta, tí kò tilẹ̀ dán, ó jókòó bó ṣe máa ń jókòó, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ẹyinjú ìyàwó rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀; àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó ya fọ́tò náà.

“Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti fọ́tò yìí,” ó ní. “Mo yọ rorẹ́ lójú ẹ̀, mo tún ọrùn aṣọ ẹ̀ tò. Mi ò rí ojú tó pọ́n yìí, búlúù sikirínì ilé ló bò ó.”

“Ẹ má ṣèyọnu, bàbá,” ni ọmọge náà wí, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. “Kíá la máa sọ ojú yẹn di funfun.”

“Dádì.” Ọmọ rẹ̀ fa apá aṣọ rẹ̀. “Èmi rí i nígbà náà. Mọ́mì ní kí n má sọ fún yín. Wọ́n ní iṣẹ́ ti wọ̀ yín lọ́rùn, pé oorun tí ò tó àwọn ló jẹ́ kí ojú àwọn pọ́n.”

Bàbá yíjú sí i tìbínú-tìbínú láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà: ọmọ náà ti gbẹ, bí ẹni tí kò sùn láti ọdún tó kọjá.

“Ìwọ nìkan lo sì ń dá ẹrù yìí rù látìgbà yẹn?”

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, omijé ń ṣàn.

“Ìyá ẹ mọ nǹkan-án bò. Ìwọ kọ́ lo pa á.” Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wá kọjú sí ọmọge náà. “Má fọwọ́ kan ojú ẹ̀. Sikirínì yìí la máa rà. Àmọ́ má tíì pa á. Jọ̀ọ́, bá wa wá àga méjì, ká jókòó tì í díẹ̀.”