Eyín Tí Ọládòṣù Lẹ̀ Mọ́ Mi Lẹ́nu

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ sún mọ́ mi o! Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kó gbé e dání wá, kó bu díẹ̀ fún mi, mo ti ní eyín tí mo máa fi rún un. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ọkùnrin kan fún yín ní Àgọ́-Ìwòyè, Ọládòṣù tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá eyín. Ọ̀gá! Ẹni tí kò lè fi ọmọrí dé ìkòkò kó jókòó!

Eyín iwájú mi kan lókè ló yọ. Èmi Asimawu, tí mo ti ń lé orin fún àwọn obìnrin àdínì ní Òkè-Àgbò láti ogójì ọdún, afẹ́fẹ́ wá ń jáde lẹ́nu mi bí ẹni ń fọn fèrè. Bẹ́ẹ̀ ni Aqeelah, ọmọ ọmọ mi, fẹ́ ṣe wòlímọ̀ Kùránì, ayẹyẹ pé ó ti kà á parí, ní Àbígí lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni wọ́n sì ní kí n lé orin. Bí n kò bá lè lé e, obìnrin kan láti ìlú Òrù ni wọ́n máa gbé wá, ohùn rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Mo ní ó tì o, kò ní ṣojú mi.

Ọládòṣù rẹ́ eyín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo náà, ó kù bíi kùkùté. Eyín tuntun dé, mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ bí ọmọ ìyá: ti ọ̀tún àti ti òsì ní ihò nínú, wọ́n máa dé kùkùté wọ̀nyẹn bíi fìlà, ti àárín ló máa dí àlàfo. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe lẹ̀ ẹ́! Kò kọ́kọ́ dán an wò lẹ́nu mi bóyá ó wọlẹ̀. Ó po símẹ́ńtì eyín, ó rọ ọ́ kún inú fìlà bí ẹni ń rọ mọ́ínmọ́ín sínú ewé, ó tì í mọ́ mi lẹ́nu.

"Màmá, ẹ fi eyín di òwú yìí mú, ẹ má la ẹnu o."

Ó bá gbé fóònù, ó ń ròyìn eré bọ́ọ̀lù fún ẹni ẹlẹ́ni.

Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, àga rẹ̀ sì kọjú sí títì. Ẹni àkọ́kọ́ ń kọjá: "Salamu alaikum, Ìyá Olórin!" Kí ni kí n ṣe? Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé ọ̀ranyàn ni ká dáhùn sálámà. Mo la ẹnu, mo dáhùn dé "wa barakaatuhu," mo tún pa á dé. Ẹnìkejì dé, ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ewúrẹ́. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Ọládòṣù kò wẹ̀yìn wò. Ìgbà tó fi máa rántí mi, símẹ́ńtì ti gan.

"Ọládòṣù, eyín yìí gùn jù. Àwọn ti ẹ̀yìn kò kanra wọn mọ́, ètè mi ò pàdé."

"Ó máa mọ́ yín lára, Màmá."

"Bàtà ló ń mọ́ni lára. Ṣé bàtà lo wọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ni?"

"Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ọjọ́rú la wà. Mo fẹ́ ṣe Bisimilahi, itọ́ ló ṣáájú jáde. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń lẹ imú mi pọ̀, imú ni mo fi kọ orin yìí dé ibi ọkọ̀:

*Ọládòṣù, ọ̀gá eyín,*
*Ó di fóònù mú gírígírí;*
*Eyín tó yẹ kó dì mú,*
*Ó fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.*

Lọ́jọ́ kejì mo gba ọ̀dọ̀ Hasanat lọ, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ dókítà eyín ní Òkè-Àgbò. Ó wo ẹnu mi, kò bú ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo bá a bú Ọládòṣù.

"Ìyá, símẹ́ńtì yìí ti nípọn jù, kò dì dáadáa. Orí bá yín ṣe é, ó ṣì máa bọ́."

Ó rọra kàn án, ó bọ́. Ó ha inú rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ó kọ́kọ́ gbé e sí mi lẹ́nu láìfi nǹkan kan sí i, ó ní kí n fi eyín tẹ bébà búlúù kan, ó wo ibi tí àwọ̀ náà lẹ̀ mọ́ kó lè mọ ibi tí eyín ti ń kanra, ó tún wo etí rẹ̀ yíká bí aránṣọ ṣe ń wo etí aṣọ. Ìgbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ló tó nu kùkùté mi gbẹ, tó fi símẹ́ńtì pa inú fìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ tuntun lára. Ó fi àtàǹpàkò tì í sókè ṣinṣin, èyí tó pọ̀ jù yọ létí. Ó fi òwú sí i, mo fi eyín dì í mú.

Ìgbà yẹn gan-an lobìnrin kan kanlẹ̀kùn. "Salamu alaikum!"

Ahọ́n mi ta. Ètè mi ti fẹ́ là. Hasanat fọwọ́ gbé àgbọ̀n mi ró, ó dáhùn ketekete: "Wa alaikumu salaam! Èmi àti Ìyá la dá yín lóhùn o, ẹ jókòó níta." Ó wá tẹ̀ sí mi létí: "Ìyá, bí ẹnì kan bá ti dáhùn láàárín èèyàn, ó tó fún gbogbo wọn. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n."

Mo mọ̀ ọ́n! Ọmọ Mùsùlùmí dẹ̀ ni Ọládòṣù náà. Ẹnu tó fi ròyìn bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò lè fi dáhùn sálámà ẹyọ kan fún mi. Olóríburúkú ẹlẹ́nu dídùn!

Hasanat yọ òwú, ó ha ìyókù símẹ́ńtì, ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba abẹ́ eyín náà. Mo pa ẹnu dé. Eyín kan eyín, tòkè tìsàlẹ̀, bí ọmọrí tó bá ìkòkò rẹ̀ mu.

Nígbà tó di Sátidé ní Àbígí, wọ́n ní kí obìnrin Òrù wá dúró tì mí, bóyá màá kọsẹ̀. Mo dìde:

*Aqeelah parí, ó parí ire,*
*Ìwé Ọlọ́run kò tì í lójú;*
*Ẹni bímọ ẹ bá mi yọ̀,*
*Ẹni ò tíì bí, ó ń bọ̀ lọ́nà!*

Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó bá afẹ́fẹ́ dà nù nínú orin náà. Obìnrin Òrù kò ríṣẹ́ ṣe ju kó máa gbè é lẹ́yìn mi lọ, ó sì gbè é dáadáa, kí n má purọ́. Wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, ẹja inú rẹ̀ tóbi ju abọ́ lọ. Mo fi eyín iwájú já ẹran, Aqeelah ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ikùn gbogbo wa ti le bí àgbá. Olúkúlùkù wọkọ̀ relé, a yó, inú wa dùn.