Ikọ́ Orí Òkè

"Bàbá wọn, kí lẹ tẹ̀ yẹn?"

Oorun ti gbé Ìyá lọ lórí àpótí kó tó gbọ́ tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka ẹyẹ dún lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

"Àṣá ni. Ṣebí ìwọ lo húkọ́."

Ó ti rẹ Ìyá tẹ́lẹ̀. Èyí tún wá rẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ìgbà ìrúwé èṣí ni ojú Bàbá Olùṣọ́ ti ń ṣe bàìbàì. Iṣẹ́ ojú sì niṣẹ́ rẹ̀: kó máa ka àwọn àṣá àti àwòdì tó ń padà relé lẹ́yìn òtútù. Bí wọ́n bá ń pòòyì lókè, a kì í kà wọ́n. Ó dìgbà tí wọ́n bá na ìyẹ́ kọjá òpó iná kan tó dá dúró níwájú wọn. Ìyá ló wá ń bá a wò ó. Bí ẹyẹ bá kọjá, Ìyá á húkọ́ díẹ̀, ọkọ á tẹ ẹ̀rọ. Ẹni tó bá rí wọn á ní arúgbó méjì ló ń gbatẹ́gùn; ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ. Ẹni tójú rẹ̀ ò bá dá mọ́, ilé ni wọ́n ń lé e lọ. Bí Bàbá bá sì délé, ògiri ni yóò máa bá sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ọ̀fìnkìn ti mú Ìyá láti àná. Ikọ́ gidi ló ń hú lójú oorun.

Kò tíì rí àlàyé ṣe tí ọ̀gá wọn fi gun òkè dé, ọmọbìnrin kan tó lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn wọn lọ́jọ́ orí.

"Ẹ kú ìjókòó o." Ó gba ẹ̀rọ wò. "Bàbá, gbogbo èyí lónìí?"

"Wọ́n ya bí omi," ni Bàbá wí.

Ìyá wòkè. Ìkùukùu nìkan ló wà níbẹ̀. Bó bá dákẹ́, ó parí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti sú u, ẹnu tí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, má kọ ọ́. Ikọ́ mi ni bàbá wọn kà. Wọn ò ríran mọ́."

"Obìnrin yìí," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́, "o tú mi fó."

"Ẹ má bínú. Agbára mi ló tán."

Ọ̀gá jókòó sórí koríko, ó pa iye orí ẹ̀rọ rẹ́. Kò ní kí wọ́n máa lọ, kò ní kí wọ́n dúró.

Nígbà tó ṣe, ìkùukùu ya. Ẹyẹ kan yọ, ó na ìyẹ́, ó kọjá òpó.

"Ọ̀kan," ni Ìyá wí ketekete, lójú ọ̀gá.

Bàbá nawọ́ kí wọ́n dá ẹ̀rọ rẹ̀ padà fún un.

"Irú èwo ni?" ló béèrè.

Láti èṣí, kò béèrè rí; bí ẹni tó rí i ló máa ń ṣe.